Ọrùn Tí Ládòkun Fún Pẹ́pẹ́yẹ

Bí ẹ bá dé Òkè-Agbède lọ́nà Ìgànná, tí ẹ sì ń béèrè Ládòkun ayafọ́tò, ẹ rọra pè é o. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Pátákó iwájú sítúdíò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju sítúdíò lọ, ohun tí ó sì kọ sí i nìyí: PÚRÓFẸ́SỌ̀ LÁDÒKUN, OJÚ ÀWÒDÌ, ATÚNJÚṢE FÚN TÈWE TÀGBÀ, ÒYÌNBÓ PÀÁPÀÁ Ń BẸ̀ Ẹ́. Òyìnbó tó ń bẹ̀ ẹ́ kò tíì dé Òkè-Agbède rí, ṣùgbọ́n pátákó kì í purọ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ ló ń purọ́.

Ìbàdàn ni Púrófẹ́sọ̀ ti kọ́ṣẹ́. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ti mọṣẹ́ ju ọ̀gá lọ. Ọ̀gá náà kò bá a jiyàn. Ó bá a gbé àpótí rẹ̀ dé gáréèjì, ó sì dúró títí ọkọ̀ fi gbéra, kí ọmọ má baà yí ọkàn padà.

Iṣẹ́ tí Ládòkun gbé wálé kì í ṣe kékeré. Kọ̀ǹpútà ni ó fi ń tún fọ́tò ṣe. Ẹni tó bá gbé ewú wọlé, irun dúdú kirimú ni yóò gbé jáde. Arúgbó tó bá tẹ̀pá wọlé, bí ọmọge ni yóò rí nínú fọ́tò, ọ̀pá rẹ̀ yóò sì di agboòrùn. Baálẹ̀ Ìbídàpọ̀, tí eyín iwájú rẹ̀ ti lọ sí àjò àrèmabọ̀, ní eyín nínú fọ́tò tó wà ní gbọ̀ngàn rẹ̀, ó pé pérépéré bí àgbàdo tuntun. Alhaji Ìyápọ̀, alága Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè, kò ní irun kan lórí, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, irun rẹ̀ pọ̀ débi pé Ládòkun la ọ̀nà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ìlú ló mọ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n tú àpò tòun wò kì í tú ti ẹlòmíràn.

Ládòkun náà kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Láràárọ̀, kí ó tó bọ́jú, yóò dúró níwájú fọ́tò ara rẹ̀ tó gbé kọ́ ògiri, èyí tí ó ti tún imú rẹ̀ ṣe títí tí imú náà fi dà bíi ti ará Mẹ́kà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Púrófẹ́sọ̀," ni yóò wí.

Yóò sì fi ohùn àgbà dá ara rẹ̀ lóhùn: "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ó ń wá láyé: oyè. Ó ti wo àga onítìmùtìmù tí wọ́n máa ń tò fún àwọn ìjòyè lábẹ́ igi iwájú ilé Baálẹ̀, ó sì ti rí i dájú pé ìdí òun ni ẹni tó kan àga náà ní lọ́kàn. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó tọ Baálẹ̀ lọ.

"Bàbá, ó tó àkókò tí ẹ ó fi mí joyè."

"Kí lo ṣe fún ìlú?"

"Mo tún ojú yín ṣe."

Baálẹ̀ yára wo ìta, bóyá ẹnì kan gbọ́. "Ìyẹn ò sí lára ẹ̀. Lọ ṣe nǹkan tí àwọn ará Ìgànná ó fi jowú wa. Bó o bá ṣe é, kó o padà wá."

Púrófẹ́sọ̀ padà sílé, ó dojú kọ fóònù rẹ̀, ó ń wá ohun tí yóò mú Ìgànná jowú. Níbẹ̀ ni ó ti rí fọ́tò kan láti ìlú òyìnbó: ẹyẹ funfun ńlá kan létí omi, ọrùn rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Súwáànì ni wọ́n pè é. Èrò bí eṣú ló ń yin ẹni tó yà á. Ládòkun wò ó títí ojú fi ń ro ó.

"Ẹyẹ lásán!" ni ó pariwo. "Ẹyẹ lásán ló sọ ènìyàn di ńlá báyìí!"

Dáàmù wà ní Òkè-Agbède, ẹyẹ sì wà ní dáàmù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Púrófẹ́sọ̀ gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó wọ bàtà aláwọ rẹ̀ tó ń dún kò-kó-kò, ó gba etí omi lọ. Àwọn lékeléke wà lẹ́yìn màlúù àwọn Fúlàní, wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ jẹ́jẹ́. Ládòkun dúró, ó pàṣẹ fún wọn bó ṣe máa ń pàṣẹ fún oníbàárà.

"Ẹ gbórí sókè! Ẹ wo ọ̀dọ̀ mi! Ìwọ tó fara pamọ́ sẹ́yìn màlúù yẹn, bọ́ síwájú!"

Lékeléke fò lọ. Màlúù nìkan ló wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sáré tẹ̀ lé wọn, ẹrẹ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì dé orúnkún, nígbà tó sì fa ẹsẹ̀ yọ, bàtà kò bá a wá. Darandaran tó wà níbẹ̀ wò ó tàánútàánú. "Sannu, ọ̀gá," ló wí, ó sì da màlúù rẹ̀ lọ.

Púrófẹ́sọ̀ ń bọ̀ wálé pẹ̀lú bàtà kan. Kí ènìyàn má baà rí i, ẹ̀yìn ìdí ẹ̀rọ gàrí Àdìjátù ló gbà. Ìyá Muhydeen ni gbogbo ìlú ń pe Àdìjátù yìí, òun ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní Òkè-Agbède, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ẹ̀rọ náà lọ. Kòtò omi kan wà níbẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ funfun báláú dúró létí kòtò, ẹsẹ̀ kan nínú omi, ẹsẹ̀ kan lókè, ó ń gbọn ìdí. Kò sá. Kò mọ irú ẹni tó yẹ kí ènìyàn sá fún. Ládòkun yà á, ó fi í sílẹ̀ síbi tó bá a, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ní sítúdíò, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó pa gbogbo kókó pupa tó wà lójú pẹ́pẹ́yẹ rẹ́. Ó kun ẹnu rẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n. Ó gbé kòtò kúrò, ó gbé dáàmù sí ipò rẹ̀, ó sì fi oòrùn tó ń wọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán gangan ló yà á. Lẹ́yìn náà ó mú ọrùn. Ó fà á, ó tún fà á, ó wá tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀ kí ó lè jọ ẹyẹ tó nílé tó lọ́nà. Ojúọlápé ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán wọlé, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, kí ni pẹ́pẹ́yẹ yìí ṣe yín tẹ́ ẹ ń fà á lọ́rùn báyìí?"

"Kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ mọ́. Súwáànì ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti jókòó."

Ojúọlápé tún sún mọ́ ọn. "Àkísà tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò ní yọ ọ́ ni?"

Ládòkun rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń káàánú aláìmọ̀kan. "Ojúọlápé, o ò kàwé. Àwọn òyìnbó máa ń so nǹkan mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tó fò dé. Bí mo bá yọ ọ́, kí ni yóò jẹ́rìí pé ìlú òyìnbó ló ti wá?"

"Àǹkárá ni òyìnbó fi ń so ó?"

"Òyìnbó tó mọyì àṣà wa ni."

Ojúọlápé gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó jáde. Ó mọ ohun tí gbogbo obìnrin Òkè-Agbède mọ̀. Níbẹ̀, adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ gbogbo ilé ló jọ ń jẹ̀ káàkiri, nítorí náà ilé kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Àwọn kan a máa gé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ adìẹ wọn kan, àwọn kan a máa so àkísà mọ́ ọn, aṣọ tí wọ́n bá sì ya fún ọ̀kan ni wọn yóò máa ya fún gbogbo wọn. Ìjà adìẹ kì í dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ adìẹ ni yóò dá ẹjọ́ náà. Ládòkun kò tilẹ̀ ronú kan èyí. Kò sin adìẹ rí. Orí àwo ló ti ń mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ adìẹ tó bá sì ti dórí àwo kì í ní àkísà mọ́.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, fọ́tò ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn. Alhaji Ìyápọ̀ fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà wá sí sítúdíò, fìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ lọ́nà.

"Ládòkun! Ṣé òótọ́ ni? Súwáànì? Nínú dáàmù tiwa?"

"Alhaji, òun ló wá mi wá. Bí mo ṣe débẹ̀ báyìí, ó gbé orí sókè, ó ní kí n ya òun."

"Wàláí, a ti dé ibi gíga. Ìwéré-Ilé ní kaṣú. Kisí ní iṣu. Àwa náà wá ní súwáànì!"

Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè ṣèpàdé. Wọ́n ní lọ́jọ́ àjọ̀dún ìlú, àwọn yóò gbé fọ́tò náà sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ ní gbàgede, yóò sì tóbi tó ilé, wọn yóò sì pe àwọn ará Ìgànná kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Baálẹ̀ yóò fi ewé akòko sí Ládòkun lórí, yóò di Ààrẹ Ayàwòrán ti Òkè-Agbède. Nígbà tí Ládòkun gbọ́, ó lọ rán agbádá, ó sì kọ́ bí ìjòyè ṣe ń wúkọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè ọ̀rọ̀. Ọdẹ́wùmí ni, olórí ọdẹ, bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ládòkun, mo ti ń dẹ̀gbẹ́ létí omi yẹn kí wọ́n tó sé e. Mo mọ àkọ̀, mo mọ òṣìn, mo mọ lékeléke. Èyí tó o yà yìí, n ò rí i rí."

"Bàbá Ọdẹ, ìbọn lẹ̀ ń gbé lọ sọ́dọ̀ ẹyẹ. Ṣé ẹyẹ tó gbọ́n yóò jáde sí yín ni? Èmi ló mọ̀, èmi ló fara hàn fún."

Ọdẹ́wùmí fín áṣáà rẹ̀. "Ó dáa náà. Ó mọ ẹni tó yẹ kó fara hàn fún," ló wí.

Ì bá ṣe pé oyè nìkan ni Ládòkun ń lé, à bá gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń rí jẹ nínú irọ́, ebi kì í jẹ́ kí ó dúró. Ó lọ sọ fún Alhaji Ìyápọ̀ pé súwáànì kì í jẹ kòkòrò bíi ti lékeléke ìta. Àgbàdo ló ń jẹ, àgbàdo tó gbẹ dáadáa, pẹ̀lú gàrí funfun tí kò ní ìdọ̀tí. Bí wọn kò bá bọ́ ọ, yóò fò lọ sí Ìgànná. Wọ́n kéde, ilé kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ súwáànì wá sílé Púrófẹ́sọ̀, tí yóò máa bá wọn gbé e lọ sí dáàmù. Wọ́n tún kéde pé kí ẹnikẹ́ni má rẹ ẹ̀gẹ́ létí dáàmù mọ́, kí òórùn rẹ̀ má baà bí ẹyẹ nínú. Àwọn obìnrin ń kùn, wọ́n ń pọn omi láti ọ̀nà jíjìn wá rẹ ẹ̀gẹ́ wọn nílé. Súwáànì sì ń jẹun. Ó jẹun títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ládòkun fi yọ.

Láàárín gbogbo èyí, pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Muhydeen sọnù. Ó wá a dé kòtò, ó wá a dé ìdí ẹ̀rọ, ó ń ké káàkiri àdúgbò pé kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tètè tú u sílẹ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu òun ṣiṣẹ́. Fóònù kékeré tí wọ́n fi ń pe ènìyàn nìkan ló ní, nítorí náà kò tíì fojú kan fọ́tò tí gbogbo ìlú ń pariwo. Ó pàdé Ládòkun lọ́nà.

"Ládòkun, o ò bá mi rí pẹ́pẹ́yẹ mi funfun?"

"Ìyá Muhydeen, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò sí nípò pẹ́pẹ́yẹ mọ́. Súwáànì ni mò ń bá ṣe."

Ọjọ́ àjọ̀dún dé. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ kún, àwọn ará Ìgànná jókòó síwájú, wọ́n ká apá, wọ́n ń wojú ara wọn. Wọ́n gbé tẹlifíṣàn ńlá sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí Ládòkun yóò ti máa fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han èrò. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí àga onítìmùtìmù, agbádá rẹ̀ gba àga mẹ́ta. Alhaji Ìyápọ̀ fa okùn, aṣọ tí wọ́n fi bo ògiri já bọ́, súwáànì sì yọ, ó ga kan òrùlé. Èrò hó. Ará Ìgànná kan tú apá tó ká, ó tún un ká lọ́nà mìíràn. Nǹkan ti dùn wọ́n.

Baálẹ̀ dìde, ewé akòko wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ládòkun tẹrí ba, ó ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Ààrẹ nínú etí ara rẹ̀. Ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fìlà.

"Hówù! Ìró mi nì yẹn!"

Ohùn Ìyá Muhydeen ni. Ó ti dìde láàárín àwọn obìnrin, ó na ìka sí ẹsẹ̀ súwáànì. Wọ́n ti sọ fọ́tò di ńlá débi pé àkísà ẹsẹ̀ ẹyẹ ti fẹ̀ tó ẹní. Àǹkárá aláwọ̀ ewé ni, àwòrán abẹ̀bẹ̀ pupa sì wà lára rẹ̀, ó já sí méjì níbi tí wọ́n ti ya á.

"Ìyá Muhydeen, ẹ jókòó," ni Alhaji Ìyápọ̀ wí. "Àwọn òyìnbó ló so ó mọ́ ọn."

"Òyìnbó wo ló wá ya ìró mi?" Ó tú ìró ìdí rẹ̀ díẹ̀, ó na etí rẹ̀ sókè. Àwọ̀ ewé ni. Abẹ̀bẹ̀ pupa ààbọ̀ wà níbi tó ti ya. "Ẹ wò ó! Ààbọ̀ kan wà lára mi, ààbọ̀ kan wà lára ògiri! Pẹ́pẹ́yẹ mi tí mo ti ń wá nìyẹn! Ládòkun, ìwọ lo gbé e!"

Àwọn ará Ìgànná tú apá tí wọ́n ká, wọ́n tẹ̀ síwájú.

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé," ni Ládòkun wí. "Bóyá súwáànì náà kọjá lọ́dọ̀ yín, tẹ́ ẹ bá a so aṣọ."

"Mo so aṣọ mọ́ ẹyẹ òyìnbó, n ò sì mọ̀? Ṣé oorun ni mo fi so ó?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín láàárín pápá. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ewé akòko sẹ́yìn.

"Ládòkun, dáhùn. Ẹyẹ òyìnbó kò lè so ìró Ìyá Muhydeen mọ́ ẹsẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ ni, pẹ́pẹ́yẹ náà dà?"

Òógùn bo Ládòkun lábẹ́ agbádá. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú adìẹ aládìẹ ní Òkè-Agbède, ìyẹ́ adìẹ náà ni wọ́n máa ń fi sí i lórí, wọn yóò sì mú un yí ọjà ká, àwọn ọmọdé yóò máa ké bí àkùkọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń rò ó kíákíá. Òpùrọ́ ló sàn ni, àbí olè? Òpùrọ́ ṣì lè joyè. Àwọn kan jókòó lórí àga níbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n olè adìẹ! Ta ni yóò fi olè adìẹ joyè?

Ó já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ Alhaji.

"Irọ́ ni mo pa! Mi ò jalè! Mo yà á ni, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀! Kò sí súwáànì kankan. Pẹ́pẹ́yẹ ni. Èmi ni mo tún un ṣe!"

"Irọ́ ni!" ni Ìyá Muhydeen pariwo. "Pẹ́pẹ́yẹ mi ò lọ́rùn báyẹn. O ti jẹ ẹ́ ni, o wá ń wá àwáwí."

"Ẹ dúró, n ó fi hàn yín!"

Ó sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà tó so mọ́ tẹlifíṣàn ńlá. Súwáànì yọ níbẹ̀. Ó tẹ ibì kan, oòrùn tó ń wọ̀ parẹ́, ọ̀sán dé. Ó tẹ ibòmíràn, dáàmù lọ, kòtò ẹ̀yìn ẹ̀rọ gàrí yọ. Kókó pupa padà sójú. Lẹ́yìn náà, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pẹ́pẹ́yẹ lásán tó ń gbọn ìdí létí omi ìdọ̀tí.

Ẹnì kan láàárín àwọn ará Ìgànná wá sọ ọ́ jáde: "Ọwọ́ ọkùnrin yìí mọṣẹ́ o."

Ì bá má sọ ọ́. Ìyìn wọ Ládòkun lára ju ìtìjú lọ. Ó gbàgbé ibi tí ó wà. Ó na àyà.

"Ẹ̀yin rí pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀ ń hó," ni ó wí. "Pẹ́pẹ́yẹ rọrùn. Ẹ wo iṣẹ́ gidi!"

Ojúọlápé ń ju ọwọ́ sí i láti ẹ̀yìn. "Bàbá Bọ́sẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ó tó!"

Kò gbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Baálẹ̀ Ìbídàpọ̀ yọ lórí tẹlifíṣàn, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ pé. Ládòkun tẹ ibì kan, eyín lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́, eyín padà dé. "Ó gbà mí lásìkò o," ni ó wí, "nítorí kò sí èyí tí mo lè wò ṣe é. Eyín ìyàwó mi ni mo yá fún Baálẹ̀." Baálẹ̀ fi ewé akòko bo ẹnu. Alhaji Ìyápọ̀ ń sáré bọ̀ láti dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwòrán tirẹ̀ ti yọ. Irun wà. Irun kò sí. Alhaji di fìlà rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń bá jà. Lẹ́yìn rẹ̀, ó kan olórí àwọn obìnrin. Ó kan akọ̀wé. Gbogbo àwọn tó jókòó lórí àga onítìmùtìmù ló kọjá lórí tẹlifíṣàn, wọ́n wọlé lọ́mọdé, wọ́n jáde lágbà. Àwọn ará Ìgànná ń rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú wọn bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí Ládòkun yíjú padà láti gba ìyìn, kò sí ojú kan tó ń rẹ́rìn-ín sí i níbi ìjókòó àwọn ìjòyè.

Baálẹ̀ yọ ewé kúrò lẹ́nu. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Kò sí oyè," ló wí, kò la ẹnu púpọ̀. "Àgbàdo ìlú dà?"

"Ó wà nílé," ni Ojúọlápé dá a lóhùn kí ọkọ rẹ̀ tó gbẹ́nu. "Ẹ wá kó o, ẹ jọ̀ọ́. N ò ríbi sùn mọ́ nítorí ẹ̀."

Ariwo sọ. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi láti ọ̀nà jíjìn dìde, wọ́n ń bọ̀ wá sí iwájú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò ṣeé kọ sílẹ̀. Ọdẹ́wùmí nìkan ló jókòó síbi tó wà. Ó ń wo koríko gíga tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí koríko ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó na ọ̀pá rẹ̀ síbẹ̀.

"Ìyá Muhydeen, ẹran ọ̀sìn rẹ ń bọ̀."

Pẹ́pẹ́yẹ funfun kan yọ láti inú koríko. Ó gbẹ díẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ kò mọ́, àkísà aláwọ̀ ewé sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n pupa, wọ́n ń pe ara wọn wé-wé-wé. Ó ti lọ yé ẹyin sínú igbó, ó sàba lé e, gbogbo ẹyin náà sì ti di ọmọ. Ó gba àárín àwọn ìjòyè kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tó wà lẹ́bàá àmù omi tí wọ́n gbé fún àlejò.

Ládòkun gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sókè, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ rí i? Ẹ ti rí i báyìí? Mi ò jí i!"

"A rí i," ni Ọdẹ́wùmí wí. "Ká ní o pa ẹnu mọ́ títí a ó fi mu omi tán, pẹ́pẹ́yẹ ì bá dé, ẹ̀sùn olè ì bá parí, oyè ì bá sì wà lórí ẹ. Ẹnu ẹyẹ ní í pẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pòrofó."

Ládòkun wo ewé akòko nínú erùpẹ̀. Ó wo pẹ́pẹ́yẹ.

Ìyá Muhydeen ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ka àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ ń dùn. Ó gbójú sókè.

"Ládòkun, gbé kámẹ́rà ẹ wá. Wá bá mi ya àwọn ọmọ mi."

"Ìyá Muhydeen, nísinsìnyí?"

"Nísinsìnyí. Gbogbo ìlú ń wò. Bí wọ́n ṣe rí ni kó o yà wọ́n o. Má fọwọ́ kan ọrùn ẹnikẹ́ni."

Pẹ́pẹ́yẹ kò ga. Ẹni tó bá fẹ́ ya òun àti ọmọ rẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ ni yóò ti yà wọ́n. Ládòkun wo agbádá tuntun rẹ̀, ó wo Baálẹ̀, Baálẹ̀ sì mi orí sí i pé kó yára. Bẹ́ẹ̀ ni Ààrẹ tí kò joyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú pẹ́pẹ́yẹ, lójú àwọn ará Ìgànná, ó sì ní kí pẹ́pẹ́yẹ jọ̀ọ́, kí ó wo ọ̀dọ̀ òun.

Pẹ́pẹ́yẹ yí ìdí sí i.